Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onídìrí ní Ìtọ́kú, l'Abẹ́òkúta, fún ọjọ́ tí ayé bá sú èèyàn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dáa níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo tan òun. Àpótí tí wọ́n máa gbé fún yín kúrú, kò sì sí ibi tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì. Tí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún bíi tèmi, ẹ ti mọ ohun tí ìbàdí máa fojú rí lórí irú àpótí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì. Fáànù kan ṣoṣo ló wà, ọ̀dọ̀ Ìyá Onídìrí ló sì kọjú sí. Ìyá kan ń lọ ata lẹ́nu ọ̀nà. Tí wọ́n bá ti ta ẹ́ńjìnnì yẹn jí, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́ títí ata yẹn á fi kúnná. Wọ́n ń gba owó orí fóònù o, ṣùgbọ́n ẹ ò ní dìde kúrò níbẹ̀ títí àlẹ́ẹ̀tì á fi wọlé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ń ṣe tiẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jókòó sí i. Ẹ kúkú mú owó lọ́wọ́ lọ.

Ọwọ́ wọn tún le. Ìgbà tí Ìyá Onídìrí kọ́ṣẹ́, dídì tí kò bá fa ojú èèyàn sókè, wọn kì í kà á sí dídì. Tí ẹ ò bá tètè sọ̀rọ̀, irun iwájú orí yín ló máa jẹ̀yà ẹ̀. Irun tí wọ́n bá ń fà bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, tó bá yá, á máa já láti ìdí, ibòmíràn kì í sì í hù mọ́. Ẹ sọ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹwọ́ níwájú." Wọ́n á kọ́kọ́ pòṣé, lẹ́yìn náà wọ́n á dẹ̀ ẹ́.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, láti oṣù kejì ọdún yìí, mi ò tíì jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó padà lọ.

Tí ẹ bá dé Ìtọ́kú, ẹ gba àárín àwọn aláṣọ àdìrẹ wọlé. Wọ́n á na aṣọ sí yín lójú, wọ́n á pè yín ní àǹtí, wọ́n á pè yín ní "kọ́sítọ́mà mi". Ẹ máa lọ. Níbi tí òórùn aró bá ti ń dín kù tí òórùn ata bá ń pọ̀ sí i, ẹ ti ń sún mọ́ ọn nìyẹn. Kò sí pátákó. Aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé kan tó ti ṣá lẹ máa rí, àti òwú dúdú tí wọ́n fi kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

Ìyá mi kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ àṣà wa á ti mọ ohun tí àwọn èèyàn sọ fún mi: "Ẹ dúpẹ́, màmá jẹun ọmọ. Ìnáwó ni èyí, kì í ṣe ọ̀fọ̀." Wọn ò parọ́. A ra aṣọ ẹbí, a gba kánópì, a pe olórin. Mo jó lọ́jọ́ náà débi pé bàtà mi já. Owó tí wọ́n ná lé mi lórí, ìbátan mi kan tó wà lẹ́yìn mi ló ń bá mi ṣà á. Ọ̀fọ̀ mi ò bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi kó kánópì lọ. Nígbà yẹn, gbogbo ayé ti parí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ti gba sùfúnííà wọn, wọ́n ti padà sílé. Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá.

Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń le jù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Màámi máa ń pè mí. Wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọ́n ti tú yín sílẹ̀?" bí ẹni pé èmi ni ọmọ ilé ìwé, tí kì í ṣe tíṣà tó ń kọ́ wọn. Fóònù wọn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ṣì ń ṣáájì ẹ̀.

Mo ti gbìyànjú nǹkan mìíràn kí n tó dé orí àpótí yẹn. Ẹnì kan fi áàpù kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní ó ń wo ìbànújẹ́ sàn. Ojú rogodo márùn-ún ló kọ́kọ́ gbé síwájú mi, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń sunkún, ó ní kí n tẹ èyí tó bá jọ tèmi lónìí. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n mi ò kí ń fi Gẹ̀ẹ́sì sunkún ìyá mi. Lẹ́yìn ọjọ́ méje wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í san dọ́là. Mo pa á rẹ́. Kí n má purọ́ mọ́ wọn o, nǹkan kan wà tí mo rí mú níbẹ̀: kí èèyàn fa èémí wọlé, kó ka ení sí ẹẹ́rin, kó wá jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń ṣe ìyẹn nínú kẹ̀kẹ́ tí àyà mi bá ń já.

Mo lọ sí ìṣọ́ òru náà. Orin wọn dùn mọ́ mi, torí Màámi fẹ́ràn orin. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀rọ̀ àdúrà, wọ́n tẹ orí mi mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí ẹ̀mí ìbànújẹ́ jáde. Ìyá mi ni mò ń rò. Ta ni kó jáde? Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ mi, "Mọ́kàn" ni ti gbogbo wọn. Mọ́kàn, ṣe gírí, o ti lọ́mọ, má sunkún lójú ọmọ.

Ọ̀gá wa nílé ìwé ló rán mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe oore ló fẹ́ ṣe. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní, "Tíṣà, orí yín ńkọ́?" Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mi ò ti tú irun mi dì. Ìbòrí kan náà ni mò ń wé lójoojúmọ́. Opó ló máa ń tú irun sílẹ̀ nílẹ̀ wa, mi ò sì gbọ́ ọ rí pé ó kan ọmọ. Ọwọ́ mi kàn ń wúwo ni. Mo mú òòyà, mo máa gbé e sílẹ̀. Nígbà tí màá fi ṣí ìbòrí lójú dígí, ẹ̀yìn orí mi ti lọ́ pọ̀ bíi kànìnkànìn.

Ìyá Onídìrí ò kígbe. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Onídìrí mìíràn á ti pe gbogbo àdúgbò wá wò ó, á sì ti sọ pé kí n gé e. Wọ́n kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká bí ẹní ń wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bóyá ó ti pọ́n, wọ́n ní, "Á tú." Wọ́n bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí ó fi yọ́, wọ́n fi pa irun náà láti etí kan dé èkejì. Wọ́n wá fi ìka yà á sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òòyà onígi tó jáde. Wọn ò ti ìdí irun bẹ̀rẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n eékánná kan, wọ́n á yà á kó já, wọ́n á tún lọ sókè díẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó mú òwú rárá. Láàárín wákàtí yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní, "Ṣé ibẹ̀ ń dùn ẹ́?"

Mo ní, "Ó ń dùn mí, Mà."

Kì í ṣe orí ni mò ń wí. Mo rò pé wọ́n mọ̀.

Ohun kan wà nípa bí wọ́n ṣe ń dìrí nílẹ̀ wa tí mi ò ronú kàn rí títí di ọdún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo dàgbà sí. Ẹni tó ń dirí ò rí ojú ẹni tó ń dì í fún. Ẹ̀yìn yín ló kọ sí i. Iwájú yín, ògiri ni. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan ti ọdún 2019 ló wà lára ògiri náà, àwọn bàbá méjìlá nínú agbádá kan náà, mo ti mọ ojú wọn tán. Ẹ lè sunkún sójú àwọn bàbá wọ̀nyẹn, wọn ò ní sọ pé kí ẹ mọ́kàn. Ọwọ́ kan wà lórí yín, orúnkún méjì dì yín mú ní èjìká, kò sì sẹ́ni tó ń wò yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ fún ọkọ mi lójúkojú, ara kàlẹ́ńdà yẹn ni mo ti sọ ọ́.

Ìgbà kẹta tí mo lọ ni wọ́n bi mí pé kí ni oríkì mi. Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Wọn ò sọ nǹkan kan sí i, wọ́n ń di ṣùkú mi lọ. Ó yá, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbórí sókè díẹ̀."

Kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Màámi ti lọ. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, tàbí ìyá àwọn ọmọ mi. Ẹkún tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, àǹfààní rẹ̀ ni pé ìyá aláta ń lọ ata lọ́wọ́. Ọwọ́ Ìyá Onídìrí ò dúró. Wọ́n ní, "Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran." Wọ́n wá na nǹkan kan sí mi láti ẹ̀yìn: ilarun wọn. "Bá mi di èyí mú." Mo dì í mú. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti gbé iṣẹ́ tí mo lè ṣe fún mi.

Ibi tí mo ti wá mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yìí yàtọ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ní oṣù kẹrin, ọwọ́ wọn dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó dúró láti ìgbà tí mo ti ń lọ nìyẹn. Wọ́n fi ìka wọn kan lé ìpàkọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọrùn ẹ ti rù. Irun tó ń bá òòyà jáde ti ń pọ̀ jù. Ìgbà wo lo sùn mọ́jú kẹ́yìn?" Mo ṣírò ẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní, "Èyí ti kúrò ní ti òòyà, ọmọ mi. Lọ rí dókítà."

Mo ní dókítà wo. Wọ́n ní, "O mọ èyí tí mò ń wí."

Ẹni tí kò bá gbé Abẹ́òkúta lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Níbí, èébú ni Arò, ibi tí ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ wà. Ọmọ tó bá ṣe wèrè díẹ̀ níléèwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á ní kí wọ́n bá a wọ ọkọ̀ Arò. Àní èmi tíṣà, mo ti kọ́ àwọn ọmọ nípa Arò, mo ti sọ fún wọn pé ọmọ ìlú yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, pé ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, kí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa dáná fún wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n padà sáàárín èèyàn. Àwọn dókítà òkè òkun wá wò ó. Mo máa ń fi yangàn ní kíláàsì. Ìgbà tó wá kan orí tèmi, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ìyá Onídìrí ní àbúrò àwọn kan gba ìtọ́jú níbẹ̀, ó sì ń ta ẹja títí dòní, "òun ló ta èyí tí mo sè jẹ lánàá." Wọ́n sọ ọ́ sókè, níṣojú àwọn tó ń dúró de irun. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bí èèyàn bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," wọ́n sì padà sídìí irun.

Mi ò lọ sí Arò. Ìtìjú ò jẹ́. Ilé ìwòsàn kan tó jìnnà sí ilé wa ni mo lọ, tí mi ò ní dárúkọ, torí mo jókòó láti aago méje àárọ̀ dé aago kan ọ̀sán kí wọ́n tó pè mí, nọ́ọ̀sì kan sì bi mí sókè láàárín èrò pé kí ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n dókítà tí mo padà rí, ọmọbìnrin kékeré kan, Yorùbá ló fi bi mí léèrè. Oorun ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé mo máa ń rò ó pé ó sàn kí n kú? Ó ní tí ìbànújẹ́ bá ti gba oorun, oúnjẹ àti iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn lójoojúmọ́ tó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí olúwarẹ̀ má dá a gbé mọ́. Ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí n máa wá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ẹ má retí kí oògùn yẹn ṣe bíi ti ẹ̀fọ́rí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan ń yí padà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo kàn rí i pé mo ti jẹ ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú àkàrà, mo tún ń wá ẹ̀kẹta.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé irun dídì ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ sọ fún un pé rárá. Onídìrí tèmi mọ ibi tí iṣẹ́ òun parí sí ni.

Mo kà á níbì kan pé ní Lomé, ní Tógò, àjọ kan tó ń jẹ́ Bluemind Foundation ń kọ́ àwọn onídìrí bí wọ́n á ṣe máa fetí sílẹ̀ fún oníbàárà, àti bí wọ́n á ṣe mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n darí sọ́dọ̀ àwọn tó gbọ́ nípa ìlera ọpọlọ. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Onídìrí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí: "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wọn?" Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe fọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kúrò lára tí wọ́n bá délé?" Mi ò ronú nípa ìyẹn rí. Èèyàn mẹ́fà, méje lójúmọ́, gbogbo wa là ń gbé ẹrù wa sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ wọn.

Owó wọn: ṣùkú, ₦2,000, kòlẹ́sẹ̀, ₦1,500, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ náà, ₦1,500. Irun kíkó da lórí bó bá ṣe kéré tó. Wọn kì í fi àtáṣì dì, ẹ má ṣe wàhálà gbé e lọ. Tí irun bá lọ́ pọ̀ bíi tèmi, wọ́n á gba ₦500 sí i fún títú. Ẹ wí fún wọn tí ẹ bá fẹ́ àdí dípò òrí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àdí ń rùn.

Mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò. Ọmọ iṣẹ́ wọn kan wà tí ẹnu ẹ̀ kì í dúró. Ó lọ sọ fún òbí ọmọ kíláàsì mi kan pé tíṣà wọn sunkún ní ṣọ́ọ̀bù àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwé kó tó di ọjọ́ Ajé. Mo bínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ mọ́. Ìyá Onídìrí bẹ̀ mí, ọmọ náà kúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti dé, wọ́n á rán an lọ ra òwú. Òwú ti pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí ju ohun tí wọ́n lè lò lọ́dún kan. Nínú ìràwọ̀ tí mo fẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù yìí, mo yọ kan nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, mo yọ ìdajì nítorí àpótí.

Ẹ má lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òde àríyá máa ń kún ibẹ̀ láti ìdájí. Ọjọ́rú dáa. Èmi, ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ, mo máa ń débẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Tí aago bá fi máa lu mẹ́rin, ọwọ́ ti wà lórí mi.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n ti dì mí dé àárín orí, pátẹ́wọ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe, ni ọmọbìnrin kan ṣí aṣọ ìkélé. Ó ti fa ìbòrí bo ojú débi pé a ò rí ìpéǹpéjú ẹ̀. Kò sọ pé irun wo lòun fẹ́. Ó kàn dúró. Ìyá Onídìrí wò ó, wọ́n wo orí mi, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, dìde fún un ná."

Mo dìde. Mo dúró títí di aago mẹ́fà, mo rí i pé wọn ò tíì ní parí, irun rẹ̀ burú ju tèmi ìgbà yẹn lọ. Mo fi gèlè wé apá kan orí mi tó ti di àti apá kejì tó dúró gbagidi, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Ọmọ mi rí mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo padà lọ ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kí àwọn ọlọ́jọ́ ìnáwó tó dé, wọ́n di èyí tó kù. Wọn ò gba kọ́bọ̀ sí i. Ẹ̀kọ gbígbóná wà nínú ife kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, wọ́n ní tèmi ni.